Ọmọ Ìnàkí Tí Mo Fi Ọ̀já Pọ̀n

Ẹ jókòó. Ẹ fa àpótí yẹn sún mọ́ mi, torí ohùn mi ò lọ jìnnà mọ́. Ẹ̀yin ọmọ Ráṣídì, ẹ bi mí lánàá pé kí ló dé tí bàbá yín kì í yà sílé yìí mọ́, òun tó jẹ́ pé bó bá ti Ògùnpa dé, ọ̀dọ̀ mi ló ti kọ́kọ́ ń mu omi. Mi ò dá yín lóhùn. Ó rẹ̀ mí ni. Lónìí náà ó ṣì ń rẹ̀ mí, ṣùgbọ́n bí àgbà bá gbé ọ̀rọ̀ mì tí kò dà, àárín àyà ló máa ń há sí. Mo máa sọ ọ́ fún yín. Kẹ́ ẹ ṣáà má retí pé mo máa tò ó bí ẹni ń to àwo.

Baba ńlá yín, ìyẹn bàbá tó bí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi tó bí Ráṣídì, ọdẹ ni. Ní Oníyanrìn níbí ni wọ́n bí wa sí. Inú yàrá tí ẹ̀ ń wò yẹn ni ìbọn ẹ̀ máa ń wà, lórí ìṣó méjì. Ìyá wa ló ń bá a ta ohun tó bá pa. Ìsàlẹ̀ òkè Màpó, lójú ọ̀nà Ọjà'ba, ni àtẹ ẹ̀ wà. Bẹ́ ẹ bá gba ibẹ̀ kọjá lónìí, fóònù àti bàtà rọ́bà lẹ máa rí. Nígbà náà, ẹran ìgbẹ́ gbígbẹ ló kún ibẹ̀: ọ̀yà, òkété, ẹtu, orí ọ̀bọ, awọ ọ̀nì, ìyẹ́ àwòdì. Àwọn tó ń ta irú ẹ̀ là ń pè ní lékulẹ́ja. Ẹni tó bá ń wá wa kì í béèrè ọ̀nà, imú ló máa fi ń wá wa. Èéfín wà lára aṣọ mi, ó wà nínú irun mi. Nígbà tí mò ń lọ sí ilé kéú, àwọn ẹgbẹ́ mi kì í fẹ́ jókòó tì mí. Áfáà wa á ní, "Ẹ jẹ́ kó jókòó sáàárín, ẹ̀fọn ò ní lè sún mọ́ wa."

Ìró kan wà tí ẹ̀yin ò lè gbọ́ mọ́. Bọ̀lẹ̀kájà tó ń ti ọ̀nà Oǹdó bọ̀ máa ń fun fèrè bó bá dé Bẹẹrẹ. Bó bá fun ún lẹ́ẹ̀mẹta, ẹran bàbá mi wà nínú ẹ̀. Bó bá fun ún lẹ́ẹ̀kan péré, ọwọ́ òfo ni. Gbogbo ilé á dákẹ́ láti kà á. Bó bá pé mẹ́ta, ìyá mi á ti máa so gèlè kí fèrè tó tán. Nísinsìnyí, gbogbo mọ́tò Bẹẹrẹ ló ń fun fèrè látàárọ̀ dalẹ́, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ń bá èèyàn sọ̀rọ̀.

Ọdún kan, fèrè dún lẹ́ẹ̀mẹta nígbà tí Òkè'bàdàn ku ọ̀la. Ẹ mọ̀ pé láyé ìgbà náà, ẹnikẹ́ni kì í dáná lọ́jọ́ Òkè'bàdàn. Ẹran tútù ni wọ́n kó dé, ìgalà odindi méjì. Ìyá mi gbé e lé ààrò, ó ń bẹ iná kó yára. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, baálé wa jáde pẹ̀lú omi nínú korobá.

Ìyá mi kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹran á bàjẹ́."

"Kó bàjẹ́," ni baálé wí. "Ìgalà ò ju ìlú lọ." Ó sì da omi pa iná ààrò náà.

Nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́, eṣinṣin ti gba ilé. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọrin èébú kiri ìgboro dé iwájú ilé wa, wọ́n ní ọbẹ̀ ilé wa ń fi ẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn. Ìyá mi ń sunkún, ó tún ń rẹ́rìn-ín. Bí ayé ṣe rí nìyẹn. Èèyàn á pàdánù, àmọ́ gbogbo ìlú ló máa bá a pàdánù, wọ́n á sì fi rẹ́rìn-ín kó lè rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Mo tó bí ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà tí bàbá mi mú mi lọ sí ahéré ẹ̀ nínú igbó. Mo fẹ́ sọ ti àárọ̀ ọjọ́ kan níbẹ̀. Mo gbọ́ ìró kan bíi pé ẹnì kan ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀kùn ńlá, gbì, gbì, gbì. Lẹ́yìn náà ni ariwo bẹ̀rẹ̀, hù-ú, hù-ú, ó ń ga sí i, ó ń ga sí i, títí ó fi di igbe ọ̀pọ̀ èèyàn. Mo sáré lọ bá bàbá mi.

"Bàbá, ta ló ń gbéyàwó?"

Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. "Ìnàkí ni. Gbòǹgbò igi ni wọ́n ń fi ẹsẹ̀ lù. Wọ́n ń kí ara wọn káàárọ̀."

Wọ́n sì ti kọ́ mi pé bí àgbà bá kíni, ká dáhùn. Mo bọ́ síta, mo kúnlẹ̀, mo fi gbogbo ohùn mi pariwo pé, "Ẹ káàárọ̀ o." Gbogbo igbó dákẹ́ lọ gbári. Bàbá mi ò rí ẹran kankan pa lọ́jọ́ náà, torí kò sí ẹranko tí kò gbọ́ mi. Láti ìgbà náà ni àwọn ọdẹ ti ń pè mí ní Ìyàwó Ìnàkí, títí mo fi lọ sílé ọkọ.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ọ̀bọ lẹ máa ń pe gbogbo wọn. Ìnàkí kì í ṣe ọ̀bọ. Ọ̀bọ ní ìrù, ìnàkí ò ní. Ọ̀bọ á fò lọ tó bá rí ọ, ìnàkí á dúró wò ọ́ ná. Àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ ní ìlà bí èyí tó wà lọ́wọ́ mi yìí. Ẹyọ kan ṣoṣo ni bàbá mi pa láyé ẹ̀. Ó ní nígbà tóun yìnbọn tán, ìnàkí náà fọwọ́ bo ojú ọgbẹ́, ó wá na ọwọ́ náà sí òun, bí ẹni ń fi ohun tí wọ́n ṣe fún un han ẹni tó ṣe é. Kò pa òmíràn mọ́. Àmọ́ àwọn ọdẹ mìíràn ń pa á, wọ́n ń gbé e wá fún ìyá mi, ìyá mi sì ń tà á. Mi ò ní purọ́ fún yín, èmi náà tà á nígbà tí àtẹ di tèmi. Àwọn oníṣègùn á béèrè ọwọ́, wọ́n á béèrè orí. Nínú gbogbo ohun tó wà lórí àtẹ, ọwọ́ yẹn ló máa ń yá jù. Mi kì í wo ìlà ẹ̀ kí n tó dì í.

Òfin kan wà láàárín àwa obìnrin ilé ọdẹ. Nígbà mìíràn, ọdẹ á mú ọmọ ẹran wálé láàyè, ọmọ ẹtu tàbí ọmọ ọ̀bọ, pé ká bọ́ ọ di ọjọ́ ọjà. A lè fún un lómi, a lè fún un loúnjẹ, ṣùgbọ́n a ò gbọ́dọ̀ fi ọ̀já pọ̀n ọ́n. Apẹ̀rẹ̀ ni ti ọjà, ẹ̀yìn ni ti ọmọ. Ohun tí obìnrin bá ti pọ̀n, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ tà á mọ́, ọkọ ò gbọ́dọ̀ tà á, ọba pàápàá ò gbọ́dọ̀ tà á. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé bí ọmọ ẹran bá ń ké, ìyá mi á ní kí a má sún mọ́ ọn. Nígbà kan wọ́n mú ọmọ ìnàkí wá, ó di ìka mi mú láti inú apẹ̀rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀já kiri. Ìyá mi gbá mi létí. Òun fúnra ẹ̀ ló tú ìka ẹranko náà kúrò lára tèmi, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń já ewé. Wọ́n tà á fún òyìnbó kan lọ́jọ́ kejì.

Ayé ò yí padà lọ́jọ́ kan. Àwọn agégẹdú wọgbó, àwọn olóko kòkó tẹ̀ lé wọn. Ìnàkí bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n lọ́jà. Bí nǹkan bá wọ́n, àwa ọlọ́jà máa ń rò pé ẹnì kan ló ń kó o pamọ́ kó lè gbówó lérí. À ń fura sí ara wa. Kò sí ẹni tó rò ó láàárín wa pé ó ti ń tán.

Ó tó ọdún mẹ́ta sí ìsinsìnyí tí ọmọbìnrin kan wá sí Ọjà'ba, Títílayọ̀ lorúkọ ẹ̀. Ó wà lára àwọn tó ń dáàbò bo ẹranko igbó. Bàtà òjò ló wọ̀ nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ó sì mú àwòrán ìnàkí ńlá kan dání. Ó kúnlẹ̀ kí wa, ó ní, "Ẹ̀yin ìyá mi, ṣé ẹ mọ èyí?"

Ìyá Àlàbá, tí àtẹ ẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, wò ó dáadáa. "Bí ẹni mo mọ̀. Ṣé kì í ṣe ọkọ mi nìyí?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ọmọ náà bá wa rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló jókòó sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Ó ní nínú gbogbo igbó ilẹ̀ Yorùbá, àwọn tó kù ò pọ̀ rárá, wọ́n wà káàkiri ní ẹyọ-ẹyọ. Ó ní ìnàkí kì í bímọ bí ewúrẹ́, ọmọ kan ló máa ń bí, á sì gbé e kiri fún ọdún mẹ́rin, márùn-ún, kó tó bí òmíràn. Ó ní kò sẹ́ni tó lè mú ọmọ ẹ̀ láìpa ìyá, àwọn tó bá sì wá gba ìyá sílẹ̀, wọ́n á pa àwọn náà. Ó fún wa ní nọ́ńbà ẹ̀ lórí pépà. Àwọn tó kù fi pépà tiwọn di ata. Èmi fi tèmi sínú Kùránì mi. Mi ò mọ ohun tó mú mi ṣe é. Mo ti dáwọ́ ìnàkí títà dúró nígbà náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe pé mo yí padà, mi ò rí i rà ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ bàbá yín ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ẹ má bojú wolẹ̀. Bàbá yín kì í ṣe èèyàn burúkú. Ìbọn baba ńlá yín ló jogún, ahéré kan náà ló ń lò. Lọ́dún tó kọjá, atẹ́gùn ti ṣí òrùlé ilé yín, ẹ̀yin náà rántí, abẹ́ tapólì lẹ̀ ń sùn. Ọ̀sẹ̀ kan tí òjò ò dáwọ́ dúró, ó wọlé wá bá mi láàárọ̀ pẹ̀lú àpò ìrẹsì. Ó kí mi, kò wo ojú mi. Nǹkan kan ń sunkún nínú àpò náà. Mo ṣí i. Kò tóbi ju ọmọ tuntun lọ. Ojú ẹ̀ pọ́n rúsúrúsú, etí ẹ̀ fẹ̀ bí ewé kókò, ó di etí àpò mú pinpin bíi pé òun ni ìyá ẹ̀.

"Ìyá, ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀ di Alámísì. Ẹnì kan ń bọ̀ láti Èkó wá mú un."

"Ìyá ẹ̀ ńkọ́?"

Ó bu omi mu, ó mu ún tán, ó tún bu òmíràn. "Mo kàn rí i nínú igbó ni."

"Ráṣídì, ìdí àtẹ ni mo dàgbà sí. Ìnàkí kì í sọ ọmọ nù bí ẹni sọ bàtà nù."

"Ìyá, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀." Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó yíjú padà. "Inú apẹ̀rẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi í sí o. Ẹ má pọ̀n ọ́n."

Mo fi í sínú apẹ̀rẹ̀. Mo po ògì fún un, kò mu ún. Mo ra fíìdà àti mílíìkì, ó fà á lẹ́ẹ̀mejì, ó dá a dúró. Ó ké fún ọjọ́ méjì. Ní ọjọ́ kẹta, ó dákẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ò tíì bímọ, ẹ gbọ́: ọmọ tó ń ké, ẹ jẹ́ kó ké. Èyí tó bá dákẹ́ ni kẹ́ ẹ sáré sí. Mo fọwọ́ kàn án, ó tutù bí amọ̀. Ó la ojú, ó wò mí, kò tiẹ̀ na ọwọ́ mọ́.

Mo mú ọ̀já. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún yín pé arúgbó gbàgbé ni. Mo bẹ̀rẹ̀, mo gbé e sẹ́yìn, mo fi ọ̀já gbà á, mo ta á ní kókó níwájú. Ó kọ́kọ́ gbọ̀n. Lẹ́yìn náà ló fi ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá di aṣọ mi mú, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé mi lẹ́yìn, ó sùn. Nígbà tó jí, ó mu mílíìkì tán.

Ìyá Àlàbá yà láti ọjà. "Ìyá, ọmọ ta lẹ pọ̀n?"

"Ọmọ Ráṣídì."

Ó yọjú wò ó. "Ó jọ ọ́," ló wí, kò sì béèrè nǹkan mìíràn. Òun ló bá mi tẹ nọ́ńbà tó wà nínú Kùránì. Títílayọ̀ ní àwọn á dé lọ́sàn-án Alámísì.

Bàbá yín ló kọ́kọ́ dé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó rí orí kékeré yẹn léjìká mi.

"Ìyá. Mo sọ fún yín."

"O sọ fún mi."

"Ọkùnrin náà wà ní Oríta-mẹ́rin, ó ń dúró nínú mọ́tò. Ẹ gbé e fún mi."

"Mi ò dí ọ lọ́wọ́," mo ní. "Wá tú u."

Ẹ mọ̀ pé iwájú àyà la máa ń ta kókó ọ̀já sí. Kó tó lè tú u, ó ní láti dúró síwájú mi, kó wo ojú mi, kó fọwọ́ kan aṣọ tó wà lára ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ̀… rárá, àbúrò bàbá ẹ̀ ni mí, ẹ má dá mi lóhùn, ó rẹ̀ mí. Èmi ni mo wẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i. Ẹ̀yìn yìí kan náà ni mo fi pọ̀n ọ́n nígbà tí ìyá ẹ̀ ń ṣàìsàn. Ó sún mọ́ mi. Ó gbé ọwọ́ sókè. Ọmọ ìnàkí náà yọ ọwọ́ lábẹ́ apá mi, ó di ìka ẹ̀ kan mú.

Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ó pẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fa fóònù yọ, ó ní, "Alájì, ẹ máa lọ. Ó ti kú." Ó dìde, ó ní, "Ìyá, ẹ ti bà mí jẹ́." Ó sì lọ. Ìgbà ìkẹyìn tí ó wọ ilé yìí nìyẹn. Iléyá dé, mo gbé ẹran tiẹ̀ sọ́tọ̀, ẹ̀yin lẹ wá gbé e.

Àwọn Títílayọ̀ dé lọ́sàn-án. Wọ́n bá mi tú ọ̀já, ọmọ náà pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará ilé fi jáde. Mo ní kí wọ́n mú ọ̀já náà dání, torí òórùn mi wà lára ẹ̀. Títílayọ̀ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Màmá, ta ló mú un wá?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yìn ilé ni mo ti bá a."

Ìnàkí, lẹ́yìn ilé, ní Oníyanrìn. Níbi tí adìyẹ pàápàá ò ti ríbi fẹsẹ̀ tẹ̀. Ọmọ náà ò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, "Màmá, mi ò ní tàn yín, òfin wà. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ ara ẹ̀ wá, a máa bá a sọ̀rọ̀ rere níwájú àwọn agbófinró. Àmọ́ igbó tó ti mú un wá la fẹ́ mọ̀ jù. Ibi tí ọmọ kan bá ti wá, àwọn mìíràn lè ṣì kù níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká lọ ṣọ́ wọn."

Mo ní mi ò mọ igbó kankan.

Mo mọ̀ ọ́n. Ibi ahéré bàbá mi ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dárúkọ igbó yẹn ti dárúkọ Ráṣídì, torí òun nìkan ṣoṣo ló kù tó ń lo ahéré náà.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, mo pe Títílayọ̀. Ó ní ọmọ mi ń gun igi, ó ti ń bá àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ jà lórí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mo bi í pé ìgbà wo ni mo lè wá kí i. Ó ní, "Màmá, ẹ má bínú. A fẹ́ kó gbàgbé èèyàn ni." Mo ní ó dáa. Mo lọ sùn.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, òun ló pè mí. Ó ní wọ́n tún ti gba ọmọ ìnàkí kan lọ́wọ́ ẹnì kan l'Èkó, kò sí ẹni tó sọ igbó tó ti wá. Ó ní, "Màmá, ẹ bá wa rántí." Irọ́ tí mo fi bo bàbá yín, irọ́ yẹn kan náà ló ń bo gbogbo ẹni tó ń gbé ìbọn wọ ibẹ̀. Mo ti ta ọwọ́ àwọn ìnàkí nígbà tí mo lágbára. Mi ò fẹ́ máa fi ìdákẹ́ tà wọ́n nígbà tí mi ò lágbára mọ́.

Ẹ gbọ́ ohun tẹ́ ẹ máa sọ fún un. Ẹ ní Ìyá ò tíì dárúkọ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ ní kó wá, kí n fún un ní nọ́ńbà náà, kó mú àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó lọ síbẹ̀ fúnra ẹ̀, kó fi ọ̀nà hàn wọ́n. Mo máa tẹ̀ lé e, bó bá gbà láti máa rọra rìn. Ẹ ní mo fún un di Jímọ̀ tó ń bọ̀. Bí wọ́n bá kírun tán tí mi ò rí i lẹ́nu ọ̀nà yìí, mo máa pe ọmọbìnrin yẹn, mo máa dárúkọ igbó náà, mo sì mọ ẹni tí mo dárúkọ mọ́ ọn.

Ẹ má sunkún. Ẹ dìde, ẹ tètè máa lọ, kẹ́ ẹ lè bá a nílé.